Òkúta ìrántí fún ọlọ́pàá tó kú lẹ́nu iṣẹ́: kí ló yẹ ká mọ̀ kí a tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀?

Ọmọ Ìpo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó mọ iṣẹ́ ìkọ́lé, ẹni tó mọ ètò ọlọ́pàá, àti ẹni tó mọ ìlànà ẹ̀sìn. Ẹni tó bá ní ohun tó dá a lójú, kó jọ̀ọ́ bá wa dá sí i.

Ọlọ́pàá kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa, ìlú kékeré kan ní agbègbè Àjàṣẹ́-Ìpo, ni àwọn agbébọn pa níbi tó ti ń ṣọ́nà lóru. Sájẹ́ǹtì ni. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì ní ìlànà Mùsùlùmí, sàréè rẹ̀ sì wà ní ìtẹ́kùú ìlú. Ó ku oṣù mẹ́rin kó pé ọdún kan. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ti pinnu pé orúkọ rẹ̀ ò ní parẹ́, owó díẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Àwọn kan ní ká fi máábù bo sàréè náà, ká kọ orúkọ sí i. Àwọn kan ní ká mọ òpó síwájú gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká ṣe bánà ńlá tí àwòrán rẹ̀ á wà lára rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyí: ibo ló yẹ kó wà? Irú òkúta wo ló máa pẹ́? Sìmẹ́ǹtì àti irin mélòó ló máa gbà? Kí ló yẹ ká kọ sí i? Ta ni a máa kọ̀wé sí ní iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kí wọ́n lè bá wa pé jọ lọ́jọ́ náà? Ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Àdúrà ń lọ lójoojúmọ́, a dúpẹ́. Ìmọ̀ iṣẹ́ ni a wá.

Ọmọ Òkè-Súnà

Ọlọ́run á forí jì í, á dáàbò bo àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ibi tí nǹkan náà máa wà, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín mọ̀lẹ́bí àti àwọn àlùfáà.

Ẹ fi sàréè náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Nínú hádíìsì tí Jábírì gbà wá, tó wà nínú àkójọ Muslim, Ànábì kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n fi ẹfun rẹ́ sàréè, kí wọ́n jókòó lé e, tàbí kí wọ́n kọ́ nǹkan lé e lórí. Èyí tí Tirmidhi gbé wá fi kún un pé kí wọ́n má kọ nǹkan sí i. Tí ẹ bá fi máábù bò ó, ẹ máa rí àlùfáà tí kò ní bá yín débẹ̀, ìtìjú rẹ̀ á sì wá padà sórí ìyàwó olóògbé. Àmì kò sí léèwọ̀ o. Ànábì fúnra rẹ̀ gbé òkúta sí ibi orí sàréè Uthman ọmọ Maz'ūn kó lè máa dá a mọ̀. Òkúta gidi kan tí kò ní orúkọ lára ti tó fún ibẹ̀. Òpó tó ní orúkọ, ẹ gbé e síbi tí àwọn alààyè ń gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà tún ń kó ìdàrúdàpọ̀ bá èèyàn. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ọdún òyìnbó, nítorí náà ẹ máa ní ọjọ́ méjì tí ẹ lè pè ní ọdún kan. Ẹ jókòó pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí, ẹ mú ọ̀kan kí ẹ tó tẹ ìwé ìpè. Tí ẹ bá sì fẹ́ kọ ọjọ́ òṣùpá sára òkúta, ẹ rántí pé ìwọ̀ oòrùn ni ọjọ́ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà wa. Ẹni tó kú lóru ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Sátidé ni ikú rẹ̀ bọ́ sí níbẹ̀. Bí òkúta bá sọ ohun kan tí ìwé ikú sọ òmíràn, àwọn ọmọ ni yóò máa ṣàlàyé rẹ̀ títí ayé.

Èyí tó ká mi lára jù: kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ jáde nínú owó àwọn ọmọ òrukàn láti fi ṣe sàráà tàbí láti fi ra òkúta. Ẹgbẹ́ ló ń ṣe ìrántí, ẹgbẹ́ ni kó ná owó rẹ̀.

Bíríkìlà Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àníyàn. Ohun tí Ọmọ Òkè-Súnà sọ yẹn, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Iwájú gbọ̀ngàn dáa, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà dáa. Etí títì ńlá tó lọ sí Òmù-Àrán tàbí tó lọ sí Ọ̀fà ni kí ẹ má débẹ̀ rárá. Ilẹ̀ ìjọba ni, ọjọ́ tí wọ́n bá ń fẹ ọ̀nà ni katapílà máa wó o. Kí ẹ sì gba ìwé ọwọ́ Ọba tàbí baálẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, kó má jẹ́ ẹnu lásán, torí ẹni tó bá jọba lẹ́yìn ọ̀la lè ní òun ò mọ̀ sí i.

Ìwọ̀n tí mo máa dábàá: kí òpó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 níwájú, kó nípọn ní 40, kó ga ní 120 sókè ilẹ̀. Gíga yẹn, àgbàlagbà á kà á láìbẹ̀rẹ̀, ọmọdé á kà á láìnàgà. Ihò ìpìlẹ̀, 90 lọ́nà 90, kó jìn tó 60. Ilẹ̀ pupa tiwa máa ń le tí ẹ bá ti gbẹ́ kọjá ilẹ̀ dúdú tó wà lókè. Tí ẹ bá dé 60 tí ọ̀pá irin ṣì ń wọlẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ máa gbẹ́ lọ títí ẹ ó fi bá èyí tó le. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà bóyá ààtàn wà níbẹ̀ rí tàbí kòtò tí wọ́n dí. Ilẹ̀ tí a dí máa ń rì sí ẹ̀gbẹ́ kan, òpó á sì fì tẹ̀ lé e láàárín òjò ọdún méjì.

Ẹ kọ́kọ́ da kọnkéré fẹ́lẹ́ sísàlẹ̀ ihò, sẹ̀ǹtímítà 5, kí irin má bàa jókòó sórí erùpẹ̀. Lórí rẹ̀ ni irin ìpìlẹ̀ máa wà: irin milimítà 12, mẹ́rin síbí, mẹ́rin sọ́hùn-ún. Irin òpó mẹ́rin, 12 náà ni, ẹ tẹ ẹsẹ̀ wọn ní sẹ̀ǹtímítà 30 kó lè dì mọ́ ìpìlẹ̀. Irin milimítà 8 ni kí ẹ fi ṣe òrùka tó máa yí wọn ká, kí àárín òrùka kan sí èkejì jẹ́ 20. Irin 12 gígùn méjì àti irin 8 gígùn méjì á kárí gbogbo rẹ̀. Ìpìlẹ̀ nípọn ní 20.

Ẹ fojú sí ibi tí mo ń bọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ló ń ba ọ̀pọ̀ òpó ìrántí jẹ́. Kò sí irin kan tó gbọdọ̀ sún mọ́ ojú ìta ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì rọ àwọn bíríkì kéékèèké tó ga ní 4, ẹ so wọ́n mọ́ irin kí ẹ tó gbé pátákó sí i. Tí irin bá fara kan pátákó nígbà tí ẹ ń da kọnkéré, ẹ ò ní mọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ á dán. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, omi á dé ọ̀dọ̀ irin, irin á dípẹtà, ìpẹtà á wú, òpó á sì là gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀. Kódà bí ẹ bá da sìmẹ́ǹtì ní ìlọ́po méjì, kò ní dá a dúró.

Àpòpọ̀: sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Yanrìn odò ni kí ẹ rà. Ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ fún un, tó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tó sì fi àwọ̀ pupa sílẹ̀, amọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin ló máa lọ sí ìpìlẹ̀ àti òpó, méjì tó kù fún rírẹ́ òpó àti pèpéle yíká. Ẹ ra mẹ́fà. Omi, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan fún àpò kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí yanrìn bá tutù, ẹ dín in kù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń bu omi kún un kó lè rọrùn láti rò, ẹ dúró tì wọ́n. Omi tó pọ̀ jù á gbẹ, á fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ojú òpó á sì máa hó bí ẹ bá fọwọ́ pa á.

Orí òpó ò gbọdọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ jẹ́ kó dà sẹ́yìn díẹ̀ kí omi má dúró, kó sì yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 5 níwájú, kí ẹ fa ilà tó jinlẹ̀ sábẹ́ ibi tó yọ náà. Ilà yẹn ló máa ń jẹ́ kí omi kán sílẹ̀ dípò kó máa ṣàn kọjá lójú orúkọ. Yíká ẹsẹ̀ òpó, ẹ da pèpéle tó fẹ̀ ní 60, kó dà síta, torí ọ̀gbàrá máa ń jẹ ilẹ̀ pupa ní ìdí ilé. Kí ẹ má sì ṣe àtẹ̀gùn kankan sí i, ibi tí ewúrẹ́ bá ti lè gùn ló máa sùn.

Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́ ni ẹ máa ṣe é, ẹ fi àpò ìdọ̀họ bò ó, ẹ máa bu omi sí i láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje gbáko. Atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń fa omi jáde kí sìmẹ́ǹtì tó dì, á sì sán wẹ́wẹ́. Ẹ má lu ihò kankan sí i láti gbé òkúta sí kí ó tó pé ọjọ́ 28.

Agbẹ́kùúta Ìlọrin

Ọ̀gá Bíríkìlà ti sọ ti ara, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú.

Ẹ má ra máábù fún ìta. Ó ń dán lọ́jà, àmọ́ òjò máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, dídán rẹ̀ á lọ, lẹ́tà tí kò jinlẹ̀ á sì rá. Gíránáìtì dúdú tó ń dán ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ń tà fún kóńtà ilé ìdáná. Ẹnìkan lè sọ fún yín pé òkúta ni àwọn ère Ẹ̀sìẹ́, wọ́n sì ti pẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ òkúta rírọ̀ ni wọ́n, ìṣó lè ya á, abẹ́ òrùlé ni wọ́n sì kó wọn sí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945. Ti ìta gbọdọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún òpó tó fẹ̀ ní 60, ẹ gé òkúta sí 50 ní fífẹ̀ àti 70 ní gíga, kó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2. Á wọn tó kílò 19, èèyàn méjì á gbé e. Kí lẹ́tà jinlẹ̀ tó milimítà 2, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ yanrìn kọ ọ́. Èyí tí wọ́n fi bírọ́ọ̀ṣì kùn lásán, oòrùn á gbé e lọ. Orúkọ olóògbé, kí lẹ́tà rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 4. Ìyókù, kó má dín sí 2. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀: tí ẹ bá yọ etí 4 ní ọ̀tún àti 4 ní òsì kúrò, 42 ló kù, lẹ́tà tó ga ní 4 sì ń jẹ nǹkan bí 3 ní fífẹ̀. Lẹ́tà 14 ló máa wọ ìlà kan, àlàfo wà lára rẹ̀. Orúkọ tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín in sí ìlà méjì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún un kì kó lè wọlé.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn agbẹ́kùúta kò ní ẹ́ tàbí ọ̀ nínú. Bí ẹ bá fi WhatsApp fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, á hàn dáadáa lójú fóònù, àmọ́ bí wọ́n bá gbé e sórí ẹ̀rọ, àmì á fò sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí àpótí kékeré dúró níbi tí lẹ́tà yẹ kó wà. Charis SIL tàbí Noto Sans ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kí ẹni tó ṣe é yí lẹ́tà padà sí ìlà yíyà kó tó fi PDF ránṣẹ́, kí fọ́ńtì má bàa pààrọ̀ lójú ọ̀nà. Kí ìdí ìlà kan sí orí ìlà kejì tó gíga lẹ́tà kan, torí àmì ohùn lórí lẹ́tà ńlá máa ń gun ìlà tó wà lókè rẹ̀. Kí àmì ìsàlẹ̀ tó milimítà 3, kékeré ju bẹ́ẹ̀ lọ, eruku á dí i láàárín ọdún kan, Ọ̀ á sì di Ò.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ dúró ní mítà méjì. Kí ìyàwó olóògbé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á sókè, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà. A kì í tún òkúta ṣe, ńṣe ni a ń ra òmíràn.

Bí ẹ ó ṣe gbé e mọ́ òpó: sìkúrúù onírin tí kì í dípẹtà mẹ́rin, milimítà 6. Kí ihò wọn jẹ́ 8, kó jìnnà sí etí ní sẹ̀ǹtímítà 4, kí agbẹ́kùúta lu ú kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi rọ́bà sí abẹ́ orí sìkúrúù kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì fún un pa. Oòrùn ọ̀sán máa ń mú gíránáìtì dúdú gbóná gan-an, ó sì ń fẹ̀. Tí kò bá rí àyè, igun rẹ̀ á sán. Kí àlàfo milimítà 5 wà láàárín rẹ̀ àti òpó, kí ìsàlẹ̀ àlàfo náà ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn tààrà, ẹ má dá a lóhùn: omi á fa iyọ̀ inú sìmẹ́ǹtì jáde, funfun rẹ̀ á máa ṣàn lójú òkúta dúdú yín lọ́dọọdún.

Ọmọ Ìpo

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Bàbá alága wa ń bèèrè bóyá pátákó idẹ á dáa ju òkúta lọ, torí pé ó ní iyì. Àwọn ọ̀dọ́ sì ṣì ń tẹnu mọ́ àwòrán.

Agbẹ́kùúta Ìlọrin

Ẹ bá mi kí Bàbá. Idẹ ní iyì lóòótọ́, àwọn tó ń kó irin kiri náà mọ iyì rẹ̀. Òru ọjọ́ kan ni wọ́n á tú u. Gíránáìtì tó ní orúkọ òkú lára, kò sẹ́ni tó máa rà á.

Àwòrán: bánà á ṣá kí ọdún tó yí po lẹ́ẹ̀mejì, fọ́tò tí wọ́n fi ike bò á wú lábẹ́ òjò. Èyí tí wọ́n fi iná sun mọ́ tánńganran nìkan ló ń pẹ́ níta. Tí owó ò bá ká a, ẹ gbé fọ́tò ńlá tó ní gíláàsì sínú gbọ̀ngàn, níbi tí oòrùn ò ti ní kàn án, kí orúkọ nìkan wà níta.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Àná

Ọmọ mi Ìpo, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfẹ́ sí ọmọ yín. Iṣẹ́ tó pa á, iṣẹ́ ìlú ni.

Kọmísọ́nà Ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Kwara, ní Ìlọrin, ni ẹ máa kọ lẹ́tà sí, àmọ́ ọwọ́ DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá tó ń bójú tó àgbègbè yín, ni kó gbà, kó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Area Commander tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́tà tó bá fo DPO dá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á dá a padà sí fún àlàyé, ọ̀sẹ̀ mélòó kan á sì ti lọ. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ipò rẹ̀, nọ́ḿbà iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tó kú, ọjọ́ àti àkókò ètò yín, àti ohun tí ẹ fẹ́ gan-an: ṣé aṣojú ni, ṣé afunfèrè, ṣé àwọn tó máa tò. Ẹ má kọ "ẹ wá bá wa ṣe é" lásán. Tí PCRC, ìgbìmọ̀ tó ń so ọlọ́pàá àti ará ìlú pọ̀, bá wà ní àdúgbò yín, kí alága wọn tẹ̀ lé yín lọ, wọ́n mọ ilẹ̀kùn. POWA náà, ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọlọ́pàá, ẹ kọ̀wé sí wọn nítorí opó.

Nọ́ḿbà iṣẹ́: láti kọ́ńsítébù títí dé sájẹ́ǹtì, F/No ni, láti ASP (igbákejì súpíríńtẹ́ńdẹ́ǹtì) sókè, AP/No ni. Ti sájẹ́ǹtì yín á jẹ́ F/No. Ẹ wò ó nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu. Ipò náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè ti gbé e ga kó tó kú tàbí lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí lẹ́tà má tíì dé ilé. Ohun tí iléeṣẹ́ bá kọ sílẹ̀ ni kó wà lára òkúta.

Àmì iṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹ má gbẹ́ ẹ sí òkúta láìgba lẹ́tà tó fọwọ́ sí i. Ẹ bèèrè fún un nínú lẹ́tà kan náà, ní ìpínrọ̀ tirẹ̀. Tí èsì ò bá tètè dé, òkúta ò ní kù díẹ̀ káàtó láìsí i. Ẹ má wọ aṣọ ọlọ́pàá fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó wuni tó. Òfin ò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá wọ̀ ọ́. Tí fìlà tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ bá ṣì wà nílé tí ẹ sì fẹ́ gbé e sórí tábìlì, ẹ sọ fún DPO ṣáájú, torí ohun ìjọba ni.

Ìbọn yíyìn lẹ́ẹ̀mẹta àti fèrè ìdágbére, ọwọ́ Kọmísọ́nà ló wà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò kí àṣẹ tó dé. Tí wọ́n bá gbà, kí akéde ìlú kéde rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àti láàárọ̀ ọjọ́ náà. Níbi tí agbébọn ti pa èèyàn, ìró ìbọn á tú ọjà ká. Kí ẹ sì jókòó ti opó àti àwọn ọmọ, kí ẹ sọ fún wọn pé ó ń bọ̀, kó má bá wọn lójijì.

Ohun tí ẹ máa kọ, kó mọ níwọ̀n. Mo máa kọ ọ́ báyìí: NÍ ÌRÁNTÍ, lẹ́yìn náà orúkọ, lẹ́yìn náà "Sájẹ́ǹtì Ọlọ́pàá" àti nọ́ḿbà, lẹ́yìn náà "Ọmọ ìlú yìí. Ó kú lẹ́nu iṣẹ́ ààbò" àti ọjọ́ tó wà nínú ìwé ikú. Bó bá jẹ́ pé ó dé ilé ìwòsàn kó tó kú, ọjọ́ ikú ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ọjọ́ ìkọlù. Orúkọ ìyàwó àti ti àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ilé wọn náà ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Tí àwọn tó pa á ò bá tíì dé ọwọ́, ẹ ò mọ ẹni tó ń kà á. Tí ẹjọ́ bá sì wà ní kóòtù, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni pé òun ló pa á.

Bí ọjọ́ yín bá ṣeé yí, ẹ wo 7 oṣù kẹrin. Ọjọ́ Ọlọ́pàá Orílẹ̀-Èdè ni, 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lọ́yà Ìgbómìnà

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra àpò sìmẹ́ǹtì kan, ẹ bèèrè lọ́wọ́ opó yẹn ibi tí ìwé rẹ̀ dé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òkúta ni ẹ gbé wá. Ọmọ tí wọ́n lé nílé ẹ̀kọ́ nítorí owó, tó ń kọjá lójú òkúta bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́, ìrora ni òkúta náà á jẹ́ fún un.

Owó méjì ló wà, ọ̀nà wọn sì yàtọ̀. Èkíní ni adójútòfò tí wọ́n ń pè ní Group Life. Abala 4(5) òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san án fún òṣìṣẹ́, kó má dín sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún kan. Ẹni tí olóògbé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti gbà á ni wọ́n ń san án fún. Èkejì ni owó tó ti kó jọ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì. Fún ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá, NPF Pensions ni. Wọ́n sábà máa ń bèèrè ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ẹ̀ka Probate ilé ẹjọ́ gíga kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, Ìlọrin ni ẹ ó ti gbà á.

Ohun tó ń dá a dúró kì í sábà jẹ́ ìwà ìkà. Orúkọ ni. Ìwé iṣẹ́ á pè é ní Abdulganiyu, báńkì á pè é ní Ganiyu, NIN á fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú. Ẹ kó gbogbo ìwé sórí tábìlì kan, ẹ fi wọ́n wé ara wọn lẹ́tà sí lẹ́tà, ẹ búra ní kóòtù lórí ìyàtọ̀ tó bá wà kí ẹ tó fi ohunkóhun sílẹ̀. Òmíràn ni pé ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá kọ orúkọ ìyá tàbí àbúrò sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́, wọn ò sì yí i padà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ibí yìí ni àwọn àgbà ẹbí ti wúlò: kí ẹ pè wọ́n jókòó ní tútù, kó tó di ẹjọ́.

Ìwé tí ẹ ó wá: ìwé ikú láti ọ̀dọ̀ àjọ National Population Commission (èyí tí ilé ìwòsàn fúnni kò tó), ìwé tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fi jẹ́rìí pé ẹnu iṣẹ́ ló kú sí, ìwé yìgì, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, NIN opó, àti lẹ́tà iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà márùn-ún márùn-ún, kí ojúlówó má kúrò nílé. Tí ẹgbẹ́ yín bá lè yan ẹnìkan tó máa bá opó lọ sí Ìlọrin, tó máa san owó mọ́tò, ẹ ti ràn án lọ́wọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Olùkọ́ Òmù-Àrán

Mo fara mọ́ Lọ́yà tọkàntọkàn. Mo kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ibi tí òkúta máa wà. Gbọ̀ngàn ìlú ni Bíríkìlà kọ́kọ́ dárúkọ, èmi fara mọ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn kì í ṣí bí kò ṣe ọjọ́ ìpàdé àti ọjọ́ ìnáwó, lọ́jọ́ ìnáwó gan-an àga oníke ni wọ́n á tò bo òkúta náà. Ilé ẹ̀kọ́ ní ẹni tó ń gbálẹ̀ ojoojúmọ́, ó ní ọgbà, ó sì ní àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìwé kíkà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lè fi kíkà orúkọ náà kún ìtò àárọ̀ lọ́jọ́ tó bá yí po.

Kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkúta. A gbàdúrà kó má ṣẹlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀fà wà nítòsí wa. Ní 5 oṣù kẹrin 2018, àwọn adigunjalè kọlu àgọ́ ọlọ́pàá níbẹ̀, wọ́n wọ àwọn báńkì, ó lé ní ọgbọ̀n èèyàn tó kú, ọlọ́pàá àti ará ìlú. Níbi tí orúkọ bá ti ju ẹyọ kan lọ, ẹ to wọ́n ní ìlànà a-b-d, kí ipò kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé orúkọ. Tí ẹ bá fi ipò to wọ́n, kọ́ńsítébù á máa wà ní ìsàlẹ̀ láé, bẹ́ẹ̀ ikú kan náà ni wọ́n jọ kú. Tí ọmọ ìlú yín kan bá wà tó ti kú lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, sójà tàbí sífù-díféǹsì ṣáájú èyí, tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan fún, ẹ wádìí rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹbí tí wọ́n gbàgbé tiwọn á wà láàárín èrò lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ Ìpo

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ wá lára, Olùkọ́. Àwọn ẹbí kan wà tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlú wa, a máa lọ bá wọn. A ti gba ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé ìwé ikú ti àjọ yẹn ò tíì sí, nítorí náà ẹnìkan ń bá a lọ sí Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbéèrè tó kù: ṣé oṣù mẹ́rin tó?

Bíríkìlà Ọ̀fà

Ó tó, tí ẹ ò bá jókòó. Lẹ́tà Kọmísọ́nà àti ìwé ilẹ̀ ni kó ṣíwájú, lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ipò àti nọ́ḿbà dé láti iléeṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan gíránáìtì. Ní oṣù kejì, ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ da á, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sí àárín kí ẹ tó da òpó. Nígbà tí òpó bá ń jẹ ọjọ́ 28 rẹ̀, kí òkúta wà lọ́dọ̀ agbẹ́kùúta, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ fún àtúnṣe lórí ìwé. Ẹ gbé òkúta sí i nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí òjò kan tàbí omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ lọ wò ó bóyá omi ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ń dúró, sìkúrúù ìsàlẹ̀ méjì ni kí ẹ tú díẹ̀, ẹ ó rí i pé sìmẹ́ǹtì tí ẹ fi rẹ́ òpó ló dí àlàfo yẹn. Ẹ fi ọ̀bẹ tín-ín-rín fá a kúrò.

Tí ẹ bá ti dá ọjọ́ tí ẹ máa da kọnkéré, ẹ kọ ọ́ síbí. Màá wá wo irin kí ẹ tó ti pátákó pa, mi ò gba owó.